Bí O Ṣe Lè Kọ́ Kíláàsì Tí Ọmọ Kọ̀ọ̀kan Ti Yàtọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́

Lẹ́sìn nóòtì tí à ń kọ sílẹ̀ ká tó wọ kíláàsì sábà máa ń ní ọmọ kan péré lọ́kàn. Ọmọ náà gbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ni yékéyéké, ojú rẹ̀ ríran, etí rẹ̀ gbọ́ràn, ó sun oorun àsùngbádùn lálẹ́ àná, ó sì lẹ́ni tó máa bá a wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì fún ìdánrawò ìkọ́ni, wàá rí i pé díẹ̀ ló jẹ́ nínú àwọn tó ń wò ọ́.

Èmi náà ṣì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni, ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ náà ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé fífi ọ̀rọ̀ ọmọ ro ara ẹni wò kì í parí sínú ọkàn. Iṣẹ́ ni. Bí o bá káàánú ọmọ títí omi fi bọ́ lójú rẹ, tí lẹ́sìn nóòtì rẹ, ètò ìjókòó kíláàsì rẹ àti bí o ṣe ń béèrè ìbéèrè ò yí padà, ọmọ yẹn ò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé oore la ń ṣe. Láti ọdún 1948 ni Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti sọ pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ti ọdún 1989, fi kún un pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀, fún èdè àti àṣà tirẹ̀, àti fún àṣà tó yàtọ̀ sí tirẹ̀. Lọ́dún 1994, aṣojú ìjọba 92 àti àjọ àgbáyé 25 pàdé ní Salamanca lórílẹ̀-èdè Spéìnì, wọ́n sì fẹnu kò pé ilé ìwé tí gbogbo ọmọ ń lọ gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tó nílò àmójútó pàtàkì pẹ̀lú. Ọmọ tó jókòó síwájú rẹ ò wá tọrọ nǹkan. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló wá gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Wo ọmọ kí o tó kọ́ ọ

Bí wọ́n bá fún ọ láyè láti jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ọjọ́ mélòó kan, má fi gbogbo rẹ̀ wo bí olùkọ́ tó ni kíláàsì ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ni kí o wò. O ò lè wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà mú ọmọ mẹ́ta nígbà ẹ̀kọ́ kan, kí o mú mẹ́ta míràn nígbà tó tẹ̀ lé e.

Fa ìlà sí àárín ojú ìwé rẹ. Ní apá òsì, kọ ohun tí ojú rẹ rí àti ohun tí etí rẹ gbọ́. Ní apá ọ̀tún, kọ ohun tí o rò pé ó fà á, kí o sì fi àmì ìbéèrè sí i. Apá òsì ni kó gùn ju ọ̀tún lọ.

Wo ọmọ kan tí kì í parí ohun tí wọ́n ní kí wọ́n dà kọ. Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó. Àwọn yòókù ń gbójú sókè, wọ́n ń gbójú sílẹ̀, wọ́n ń kọ. Ọmọ yìí ò gbójú sókè rárá. Ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ń wò, bí ẹni yẹn bá sì fi apá bo ìwé rẹ̀, kíkọ dúró nìyẹn. Bí o bá kọ “ọ̀lẹ ni” sílẹ̀, o ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ. Kò sí ohun tó kù tí o lè ṣe ju kí o bá a wí. Bí o bá kọ pé “kò wo pátákó, ìwé ẹnìkejì ló ń wò,” ìbéèrè yọ lójú ẹsẹ̀: ṣé ó ń rí pátákó? Gbé e wá síwájú. Kọ lẹ́tà rẹ gàdàgbà. Lo ẹfun funfun dípò aláwọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá sí i lọ́jọ́ náà, sọ fún olùkọ́ tó ni kíláàsì pé ó yẹ kí wọ́n bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ojú.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn kì í ṣe ohun kékeré o. Láàárín àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù ṣẹ̀ wá, nǹkan bí ẹnì kan nínú 12 ni kì í lè fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé dáadáa. Ó wà nínú àwọn ìran míràn náà, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, má sọ pé “ẹ wo èyí tí mo fi pupa kọ” láìfa ìlà sí i nídìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Mọ orúkọ wọn pè

Èyí ò gùn, ṣùgbọ́n má fò ó. Jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ fún ọ. Pè é padà, kí o bi í bóyá bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ lọ́nà tí wàá fi rántí ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Má gé e kúrú nítorí pé ó le lẹ́nu rẹ. Bí ọmọ bá fẹ́ kí wọ́n gé e kúrú, òun ló máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Béèrè, má tọ pinpin

Ohun tí o kọ sí apá ọ̀tún ìwé rẹ kò tíì di òótọ́. Ọmọ ló mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbọ́, kí o jókòó kí ojú rẹ lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Béèrè nípa iṣẹ́ kíláàsì, má béèrè nípa ilé. “Apá wo nínú iṣẹ́ yìí ló le jù fún ẹ?” ń ṣí ọmọ lẹ́nu ju “Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?” lọ. “Tí mo bá tún un ṣàlàyé, báwo lo ṣe fẹ́ kí n ṣe é?” tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó fi hàn án pé àlàyé lè yí padà, pé àléébù ò sí lára òun nìkan. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́. Jẹ́ kó ronú.

Bí o bá láǹfààní láti bá òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, má jẹ́ kó jẹ́ ẹjọ́ ọmọ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ. Bi wọ́n léèrè ohun tí ọmọ wọn mọ̀ ọ́n ṣe nílé. Ọ̀pọ̀ òbí ò tíì gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ rí, wọ́n sì máa sọ ohun tí ìwé ìdánwò kankan ò lè fi hàn ọ́: pé ó ń tún rédíò ṣe, pé òun ló ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà, pé ó lè ka ewì gígùn lórí.

Ohun kan wà níbí tí kò ṣeé fọwọ́ kékeré mú. Ọmọ tó bá ti rí i pé o ń gbọ́ òun lè sọ fún ọ pé ẹnì kan ń ṣe òun ní jàǹbá. Má ṣèlérí fún un pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé inú rẹ dùn pé ó sọ ọ́, àti pé o ní láti sọ fún ẹni tó lè dáàbò bò ó. Kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, má fi ìbéèrè darí rẹ̀, kí o sì mú un lọ bá ẹni tí ilé ìwé fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kọ́kọ́ bi wọ́n lọ́jọ́ tí o bá dé ilé ìwé ta ni ẹni náà, kí o má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a nígbà tọ́rọ̀ bá délẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Yí ọ̀nà padà, má yí ibi tí ẹ ń lọ padà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o ti dúró pẹ́ jù lọ.

Àánú máa ń tan olùkọ́ jẹ. Àwọn yòókù ń ṣe ìṣirò ìdá, olùkọ́ wá gbé àwòrán lé ọmọ tí kò gbọ́ èdè lọ́wọ́ pé kó máa kùn ún. Ọmọ náà ò dá wàhálà sílẹ̀, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kun àwòrán títí ọdún fi parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ ìdá, òun ò mọ̀ ọ́n. Kí o tó yí ohunkóhun padà nínú lẹ́sìn nóòtì, bi ara rẹ pé: ṣé ohun tí ọmọ yìí máa mọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni mo ń dín kù, àbí mo kàn ń wá ọ̀nà míràn tó máa gbà dé ibẹ̀? Bó bá jẹ́ èyí àkọ́kọ́, pa á rẹ́.

Jẹ́ ká fi ìṣirò ìdá yẹn kan náà ṣe é. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní pépà kan. Ṣẹ́ tìrẹ pọ̀ sí méjì ọgbọọgba lójú wọn, tẹ ojú ibi tó ti ṣẹ́ kó mú, tú u, kí o sì gbé e sókè. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ èdè rí ohun tí o ṣe, ó lè ṣe é láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tí kò ríran lè fi ìka tọ ojú ìṣẹ́ náà kó sì mọ̀ pé apá méjèèjì bára mu. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò gbà kó jókòó jẹ́ẹ́ rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Ẹ ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì: mẹ́rin. Kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, jẹ́ kí kálukú kọ iye tó rò pé ó máa jẹ́. Àwọn kan á kọ mẹ́fà. Tú u kí wọ́n kà á: mẹ́jọ ni. Jẹ́ kí àwọn tó kọ mẹ́fà sọ bí wọ́n ṣe rò ó, nítorí ìrònú wọn nítumọ̀, inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá kọjá ti àwọn yòókù, bi í bóyá a lè ṣẹ́ pépà náà sí mẹ́ta ọgbọọgba, àti bóyá a lè rí mẹ́ta bí a bá ń ṣẹ́ ẹ sí méjì méjì nìkan. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ́, kò sì sí ẹni tí a yà sọ́tọ̀ sí igun kan.

Lórí èdè, ohun méjì ni kí o fi sọ́kàn. Jim Cummins, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ èdè ní Kánádà, ti ń ṣàlàyé láti ọdún 1979 pé èdè tí a fi ń tàkúrọ̀sọ yàtọ̀ sí èdè tí a fi ń kàwé. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú èdè tuntun lè máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré geere láàárín nǹkan bí ọdún 2, kí èdè ìwé sì gbà á tó ọdún 5 sí 7. Torí náà, bí ọmọ bá ń pariwo ní pápá tó sì dákẹ́ nígbà ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, má rò pé ó ń ṣe oríkunkun. Kọ ọ̀rọ̀ pàtàkì mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ pátákó pẹ̀lú àwòrán kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ nínú kíláàsì, jẹ́ kí wọ́n fi èdè náà ro ìbéèrè pọ̀ ná, kí wọ́n tó dáhùn ní èdè tí a fi ń kọ́ni. Èdè ilé kì í ba ẹ̀kọ́ jẹ́.

Èkejì ni dídákẹ́ rẹ. Láwọn ọdún 1970, Mary Budd Rowe, olùwádìí ọmọ Amẹ́ríkà, rí i pé lẹ́yìn tí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ló ń dúró kó tó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Níbi tí àwọn olùkọ́ ti dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn gùn sí i, àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta nínú rẹ. Ó máa dà bíi pé ó ti pẹ́ jù. Dúró síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Jẹ́ kí wọ́n nílò ara wọn

Kíkó àwọn ọmọ jókòó pọ̀ ò ní kí wọ́n ṣe ara wọn lọ́kan. Lọ́dún 1971 ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ tí ìdílé wọn ti Mẹ́síkò wá pọ̀ sí kíláàsì kan, ìjà ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí a ṣì ń lò dòní. Báyìí ni o ṣe máa ṣe é.

Pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní onírúurú ọmọ nínú. Pín ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sí apá márùn-ún, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba apá kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí gbogbo àwọn tó gba apá kìíní láti ẹgbẹ́ gbogbo lọ jókòó pọ̀ láti kà á, láti yé ara wọn, àti láti fi bí wọ́n á ṣe ṣàlàyé rẹ̀ dánra wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, kí kálukú padà sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kọ́ àwọn yòókù. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ odindi ẹ̀kọ́ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ọmọ tí wọn kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó máa ń bàjẹ́ bí a bá pa ọmọ tí ìwé kíkà nira fún tì láìmúra rẹ̀ sílẹ̀. Fún un ní apá tirẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí o sì kà á pẹ̀lú rẹ̀. Má sì sọ ọmọ kan ṣoṣo di ẹni tó ń wo aago fún ẹgbẹ́ ní gbogbo ìgbà. Mo ti rí i pé ọmọ tí àwọn èèyàn rò pé kò gbọ́n ni wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ yẹn fún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ọmọ bá ṣẹ̀

Ibi tí a ti ń mọ olùkọ́ nìyí. Lọ́dún 2016, Jason Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ ìṣirò 31 ní ilé ìwé 5 ni wọ́n bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí àwọn kan ka ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí wọ́n sì kọ èrò wọn sílẹ̀, lórí ohun tó lè wà nídìí ìwà ọmọ àti bí a ṣe lè báni wí láìba àjọṣe jẹ́. Lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú kíláàsì ni àwọn yòókù kà. Láàárín ọdún náà, ìdá 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ kejì ni wọ́n lé lọ sílé fún ìgbà díẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́, ìdá 4.8 ni. Ìdajì gééré!

Ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ wa ò pọ̀. Sún mọ́ ọmọ náà dípò kí o pariwo láti iwájú. Fi ohùn tí òun nìkan lè gbọ́ sọ ohun tí o rí: “Mo rí i pé o ju ìwé rẹ sílẹ̀.” Béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí òfin kíláàsì sọ àti ohun tó gbọ́dọ̀ tún ṣe. Òfin ò yí padà nítorí pé o gbọ́ ìdí rẹ̀; ọmọ tó fa ìwé ẹnìkejì ya ṣì máa bá a lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí ìwọ ni ẹni tó máa kọ́kọ́ kí i.

Ìgbésẹ̀ keje: Yẹ ara rẹ wò

Lọ́dún 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson kọ nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn olùkọ́ pé ọpọlọ àwọn ọmọ kan máa tó là, bẹ́ẹ̀ wọ́n kàn ṣa àwọn ọmọ náà láìwo ìmọ̀ wọn rárá ni. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà, pàápàá àwọn kékeré, ti tẹ̀ síwájú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn gan-an lórí bí ipa yìí ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ pé à ń dúró pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ tí a bá gbà pé ó máa mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, bí o bá délé, kọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ láti orí. Wo orúkọ tó kẹ́yìn àti èyí tí o gbàgbé. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Tún bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ kan kó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwòrán ètò ìjókòó, kó máa fi àmì sí ibi tí o bá ti bi ọmọ ní ìbéèrè, kó sì fi àmì míràn sí ibi tí o ti bá ọmọ wí. Má jà sí ohun tí ìwé náà bá sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ń lo ìlànà tí Graham Gibbs gbé jáde lọ́dún 1988: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára rẹ, ohun tó dáa àti èyí tí kò dáa níbẹ̀, ohun tó fà á, ohun tí o rí kọ́, ohun tí wàá ṣe nígbà míràn. Ó wúlò. Àmọ́ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ló máa ń gba ojú ìwé méjì, tí ohun tí a máa ṣe á wá di ìlà kan: “Màá túbọ̀ tẹra mọ́ ọn.” Èmi fẹ́ kí o yí i padà. Ìlà mẹ́ta tó fún ìtàn. Kọ ìyókù báyìí: “Àwọn ọmọ mẹ́rin lẹ́bàá fèrèsé ò dáhùn ìbéèrè kankan lónìí. Ìtànṣán oòrùn wà lára pátákó láti ìhà ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́la, màá kọ̀wé sí apá kejì pátákó, màá sì kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè ní méjì méjì.” Lọ́jọ́ kejì, kọ ohun tó yọrí sí sí abẹ́ rẹ̀. Má kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé tí alábòójútó rẹ máa kà. Àmì tí ìwọ nìkan mọ̀ ti tó.

Ìdánrawò ìkọ́ni máa parí. Sọ ọjọ́ tí o máa lọ fún àwọn ọmọ ṣáájú, pàápàá fún àwọn tí àgbàlagbà ti ń lọ fi sílẹ̀ lójijì. Kọ ojú ìwé kan fún olùkọ́ tó ni kíláàsì, kí o sì fi ọ̀wọ̀ gbé e fún wọn: ọmọ tó ń ríran dáadáa bó bá wà níwájú, ọmọ tó ń dáhùn bí a bá fún un láyè, ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun ní kíkún, ọ̀nà tí o ti gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́. Kí wọ́n má tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.